Fáírọ́ọ̀sì Edé àti Wàhálà Sísin Sẹ́ẹ̀lì Rẹ̀ Nínú Ìgò

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé yàrá ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, a ó rí i pé ó ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ tó ṣàpèjúwe fáírọ́ọ̀sì jù ú lọ. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹnu tí yóò fi jẹun, kò ní ikùn tí yóò fi da oúnjẹ, kò sì lè dá bí ọmọ fúnra rẹ̀. Ilé onílé ni ó ti ń ṣe ohun gbogbo. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí àwọn onímọ̀ ṣe ń gbìyànjú láti sin fáírọ́ọ̀sì tí ń pa edé nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tọ́jú sínú ìgò, ìdí tí iṣẹ́ náà fi le koko, àti ohun tí líle rẹ̀ ń ná àwọn tó fi ọ̀sìn edé ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé, kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú àìsàn edé? Ìbéèrè náà dára. Ní ọdún 1970, Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ètò náà fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ kì í rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì bá fi ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún èdè ẹlòmíràn, ta ni yóò bá wa sọ ọ́? Edé kò sì ṣàjèjì sí wa. Ìyàwó ilé tó se ẹ̀fọ́ láìfi edé sí i mọ ohun tí ẹnu yóò sọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a mọ̀ wá ọ̀nà dé ibi tí a kò mọ̀.

Edé ọ̀sìn àti ikú tí ń pa á

Púpọ̀ nínú edé tí à ń rà lọ́jà wa ni àwọn apẹja kó láti inú ọ̀sà àti òkun. Ṣùgbọ́n ní Thailand, China, India, Vietnam, Indonesia àti Ecuador, adágún omi iyọ̀ ni wọ́n ti ń sin ín bí a ti ń sin adìẹ. Ẹ̀yà méjì ló gbajúmọ̀ jù. Èkíní ni edé onílà bí ti ẹkùn, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Penaeus monodon. Òkun Éṣíà ni ilé rẹ̀, àmọ́ ó ti ya wọ inú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn apẹja Nàìjíríà sì ń kó o báyìí. Èkejì ni Penaeus vannamei, edé funfun tó wá láti etí òkun Pàsífíìkì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni wọ́n ń sìn jù lágbàáyé lónìí.

Ibi tí ẹ̀dá bá ti fún pọ̀ sójú kan ni àìsàn ti ń rí ọ̀nà. Ní ọdún 1990, àìsàn kan tí ń sọ orí edé di àwọ̀ ìyeyè bẹ́ sílẹ̀ ní Thailand. Ní 1992, òmíràn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá odò Taura ní Ecuador. Láàárín 1992 sí 1993, èyí tó burú jù wọlé sí Taiwan àti China: àrùn àmì funfun. Bí ó bá mú edé, edé kò ní jẹun mọ́, àmì funfun tótòtó a yọ lára èèpo rẹ̀, nígbà tí yóò bá sì fi tó ọjọ́ 3 sí 10, ó ṣeé ṣe kí gbogbo edé inú adágún ti kú tán. Edé tí China rí kó nínú ọ̀sìn ní 1993 kò tó ìlàjì ti ọdún tó ṣáájú. Àrùn náà dé Ecuador ní 1999. Ní ọdún 2000, edé tí orílẹ̀-èdè náà tà sí òkè òkun kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí wọ́n tà ní 1998 lọ. Ó dé Mozambique ní 2011, ó sì dé Queensland ní Australia ní 2016. Àgbẹ̀ tó yá owó gbẹ́ adágún, tó rajà oúnjẹ edé, tó sì ń retí ìkórè, kí ni yóò sọ fún ẹni tó yá a lówó?

Ọ̀rọ̀ Taura kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Nígbà tí àìsàn náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fín sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti pa àrùn ewé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dì í rù. Wọ́n ní òjò ló ń wọ́ oògùn náà wọ inú odò. Ọdún mẹ́ta gbáko kọjá kí ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Lightner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Arizona ṣe tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1995 pé fáírọ́ọ̀sì ni. Àwọn ènìyàn ti bá ara wọn jà lórí oògùn ọ̀gẹ̀dẹ̀, nígbà tí kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ wà ní ìdí ẹ̀fọ́. Bí ọ̀nà kan bá wà tó yára láti mú ohun tó wà lára edé aláìsàn, kí a sìn ín níbi tí ojú ti lè tó o, bóyá àríyànjiyàn náà ìbá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni à ń pè ní sísin fáírọ́ọ̀sì?

Bakitéríà yàtọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà dà bí èso àgbàdo: bí a bá rí ilẹ̀ ọlọ́ràá fún un, yóò hù. Nínú yàrá ìwádìí, ilẹ̀ ọlọ́ràá yìí ni omi ẹran tàbí oúnjẹ dídì tí wọ́n dà sínú àwo pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n kó o oúnjẹ jọ fún fáírọ́ọ̀sì títí di ọ̀la, kò ní pọ̀ sí i. Ó di ìgbà tí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì alààyè. Sẹ́ẹ̀lì ni bíríkì tí a fi mọ ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọlé, yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé, yóò sọ ilé náà di ibi tí wọ́n ti ń rọ àwọn fáírọ́ọ̀sì bí irú rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ilé a wó, àwọn àlejò a sì tú jáde lọ wá ilé mìíràn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sin fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sin sẹ́ẹ̀lì. Ní 1907, Ross Harrison ní Amẹ́ríkà fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì iṣan àkèré lè wà láàyè kí ó sì gùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára àkèré. Ní 1949, John Enders, Thomas Weller àti Frederick Robbins sin fáírọ́ọ̀sì àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó wà nínú ìgò. Kí wọ́n tó ṣe é, ara ọ̀bọ ni wọ́n ti ń sin fáírọ́ọ̀sì náà jù. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1954. Ní 1955, abẹ́rẹ́ àjẹsára Jonas Salk jáde. Ẹ wo bí ìgò kékeré ṣe gba ẹsẹ̀ ọmọ púpọ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni pé, báwo ni sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe pẹ́ tó? Ní 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí kò ní àìsàn a máa pín sí méjì ní nǹkan bí ìgbà 40 sí 60, lẹ́yìn náà a dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í dáwọ́ dúró. Ní 1951, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lára obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan, Henrietta Lacks, ní Baltimore, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kú lọ́dún náà gan-an, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pín títí di òní ní gbogbo ayé. Irú ìran sẹ́ẹ̀lì tí kì í tán báyìí ni mo pè ní ìran sẹ́ẹ̀lì àìkú. Ní 1962, wọ́n rí ti ẹja trout ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún yẹn kan náà, Thomas Grace ní Australia rí ti àfòpiná ṣe. Láti ìgbà náà, ìran sẹ́ẹ̀lì àìkú ti kòkòrò ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Edé àti kòkòrò sì jẹ́ ìbátan: àwọn méjèèjì ni wọ́n ní èèpo lóde ara, tí ẹsẹ̀ wọn sì ní oríkèé. Ta ni kò ní rò pé ti edé kò ní pẹ́ dé?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Onímọ̀ yóò mú edé tó yá gágá, yóò fi omi tútù mú un dákẹ́, yóò sì fi oògùn apakòkòrò wẹ̀ ẹ́ tónítóní. Yóò wá yọ ẹ̀yà ara kan lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì ni ẹ̀yà kékeré oníbejì kan tó wà nínú orí edé, nítòsí ikùn, tí ń bá a sẹ́ ohun àìmọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo ilé ẹyin, ọkàn, tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Wọn yóò gé ẹ̀yà náà wẹ́wẹ́, wọn yóò tò ó sínú àwo tàbí ìgò pẹlẹbẹ, wọn yóò sì da oúnjẹ olómi lé e lórí. Oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ń lò ni èyí tí Leibovitz ṣe ní 1963, tí wọ́n ń pè ní L-15. Wọ́n a pò ó kí ó ki ní ìlọ́po méjì, nítorí pé edé inú omi iyọ̀ kò lè fara da oúnjẹ tó ṣàn bíi ti ènìyàn. Wọ́n a fi omi ara ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú màlúù kún un, àti omi tí wọ́n fún láti ara ẹran edé. Wọ́n a gbé e síbi tí ooru rẹ̀ kò ju 25 sí 28 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí a bá wo inú awò asohun-kékeré-di-ńlá, a ó rí sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn jáde láti ara ègé ẹran náà bí ọmọ tí ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n a tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní sí ìsàlẹ̀ ìgò.

Nígbà yìí ni wọ́n a da omi tí wọ́n sẹ́ láti ara edé aláìsàn sí i. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ pẹrẹsẹ yóò ká kò, yóò di róbótó, yóò sì ṣí kúrò ní ìsàlẹ̀ ìgò. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ojú rí i pé fáírọ́ọ̀sì àmì funfun àti ti orí ìyeyè ń pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì edé.

Ìdí tí sẹ́ẹ̀lì edé fi ń ṣorí kunkun

Bí gbogbo èyí bá ṣeé ṣe, kí wá ni wàhálà? Wàhálà ni pé sẹ́ẹ̀lì náà kì í pọ̀. Ó lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tilẹ̀ lè tó oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n kì í pín. Ó dà bí àlejò tó wọlé, tó jókòó, tó kọ̀ tí kò jẹun. Nígbà tó bá kú, onímọ̀ yóò tún lọ pa edé mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì tòní yóò sì yàtọ̀ sí ti àná, nítorí edé kan kì í ṣe èkejì. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ti kéde pé àwọn ti rí ìran sẹ́ẹ̀lì àìkú ti edé, àmọ́ èyí tí gbogbo yàrá ìwádìí ayé fọwọ́ sí, tí wọ́n sì jọ ń lò bí wọ́n ti ń lo ti Henrietta Lacks, kò tíì sí.

Àwọn ìdí tí a lè tọ́ka sí pọ̀. Èkíní, a kò mọ oúnjẹ edé ní kíkún. Omi ara ẹ̀jẹ̀ màlúù ní ohun tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì màlúù pé kí ó pín. Èdè tí sẹ́ẹ̀lì edé ń gbọ́ yàtọ̀. Èkejì, inú omi tó kún fún kòkòrò ni edé ń gbé. Bí bakitéríà kan ṣoṣo bá tẹ̀lé e wọnú ìgò, yóò jẹ oúnjẹ náà tán kí sẹ́ẹ̀lì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ edé ní ohun ìjà kan tí ń sọ ojú ọgbẹ́ di dúdú láti sé kòkòrò mọ́. Bí wọ́n bá gé ẹ̀yà ara rẹ̀ wẹ́wẹ́, ohun ìjà yìí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo inú ìgò a dúdú, sẹ́ẹ̀lì a sì kú. Ẹ̀kẹrin, edé tó yá gágá lójú lè ti ní fáírọ́ọ̀sì nínú tẹ́lẹ̀. Ìkarùn-ún, nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti fi àbùdá jẹjẹrẹ sínú sẹ́ẹ̀lì edé kí ó lè di àìkú, àwọn ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ lára ẹran ọlọ́mú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìdí kan wà tó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín díẹ̀. Nínú òkun, ẹ̀dá kékeré oníṣẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní thraustochytrid. Ó máa ń bá ara ẹ̀dá inú òkun wọ ìgò, yóò jẹun, yóò pọ̀, yóò sì róbótó bí sẹ́ẹ̀lì. Baruch Rinkevich, onímọ̀ ará Ísírẹ́lì, kìlọ̀ pé nínú àwọn tó rò pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dá inú òkun ń dàgbà lọ́wọ́ àwọn, ẹ̀dá yìí ni àwọn kan ń bọ́. Ẹni tó rò pé òun ń tọ́ ọmọ òun, ọmọ ẹlòmíràn ló pọ̀n sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yẹ àbùdá sẹ́ẹ̀lì wò kí wọ́n tó kéde.

Ìkéde tí a kò yẹ̀ wò dáadáa lè da ìlú rú. Ní 2003, àwọn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìwádìí pé fáírọ́ọ̀sì Taura lè wọ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti ọ̀bọ. Ẹ rò ó wò: gbogbo ayé ló ń jẹ edé! Ní 2004, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tún iṣẹ́ náà ṣe, wọn kò sì rí i pé fáírọ́ọ̀sì náà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tàbí ti ọ̀bọ rárá. Ìgò tó dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ ni ìgò tó pa á.

Ohun tí àìsí rẹ̀ ń ná ni

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yé ara wa. Àgbẹ̀ kan pàdánù edé rẹ̀ sọ́wọ́ àrùn àmì funfun. Ó fi oògùn kiloríìnì fọ adágún rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì ti kú kí ó tó tún ra ọmọ edé. Àyẹ̀wò ìgbàlódé tí ń wá àbùdá fáírọ́ọ̀sì yára, ó sì ṣeé gbọ́kàn lé, ṣùgbọ́n àbùdá òkú àti ti alààyè kan náà ni lójú rẹ̀. Ó lè sọ pé olè ti wọlé rí, kò lè sọ bóyá olè náà ṣì wà láàyè. Ohun tó lè dáhùn ni sẹ́ẹ̀lì alààyè.

Bí sẹ́ẹ̀lì bá wà, kíkà fáírọ́ọ̀sì kò le. Ẹ rántí ẹlẹ́mu tó ń bu omi lu ẹmu. Bí ó bá bu omi lù ú ní ìlọ́po 10, ó ṣì lè pa ènìyàn. Ní ìlọ́po 100, bóyá. Ní ìlọ́po 1,000, ó lè máà pa ẹnikẹ́ni mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń bu omi lu omi tó ní fáírọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń kán an sínú àwo oníhò 96 tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì kò bá ti kú mọ́ ni wọ́n fi ń mọ iye fáírọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀rẹ̀. Nítorí pé kò sí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ fún edé, edé alààyè ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ń ka òkú rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwo kan ìbá ṣe lórí tábìlì a wá di ti ọ̀pọ̀ agbada omi, edé púpọ̀ àti ọjọ́ gígùn.

A kò gbọ́dọ̀ sọ àsọdùn. Edé kò ní irú ọmọ ogun ara tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ níṣẹ́ lára ènìyàn, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò kò ní mú abẹ́rẹ́ bíi ti Salk wá fún edé lọ́la. Ohun tí yóò mú wá ni ìmọ̀: oògùn wo ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà wo ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé, àrùn tuntun wo ló dé.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá

Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Àwọn onímọ̀ kò káwọ́ gbera. Ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden, ẹgbẹ́ Kenneth àti Irene Söderhäll lo ìbátan edé kan tí ń gbé omi tí kò níyọ̀, tó ní ọwọ́ bí ti akàn. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì tí ń dá ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì rí i pé fáírọ́ọ̀sì àmì funfun ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2005, wọ́n tún kéde ohun kan tí wọ́n rí lára ẹ̀dá náà, tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pé kí ó pọ̀ sí i. Èyí ni ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ èdè ìbátan edé tí a ń wá. Àwọn mìíràn gbìyànjú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn àti ti àfòpiná, bóyá fáírọ́ọ̀sì edé yóò gba ilé ìbátan.

Ní ti àwọn àgbẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní Hawaii ń sin edé funfun tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọn kò bá àwọn àrùn kan pàtó lára rẹ̀. Irú ọmọ edé mímọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí edé funfun gba ipò lọ́wọ́ edé onílà ní Éṣíà. Ṣùgbọ́n mímọ́ kì í ṣe àjẹsára: bí ó bá dé inú adágún tó ní àrùn, yóò kú bí àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èdè

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo ti lo “gbìn” fún bakitéríà lọ́kàn mi, mo sì lo “sìn” fún fáírọ́ọ̀sì àti sẹ́ẹ̀lì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ní méjì, ó sì yẹ kí a lo méjèèjì. Ohun tí à ń gbìn, ilẹ̀ ni a fún un. Ohun tí à ń sìn, a gbọ́dọ̀ fún un ní ilé àti oúnjẹ, kí a sì máa wo ojú rẹ̀. Mo kọ “ìran sẹ́ẹ̀lì” dípò “ìlà sẹ́ẹ̀lì”, nítorí ohun tó ń bí ara rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, ìran ni à ń pè é. Àwọn olùkọ́ wa lè rí èyí tó dára jù; ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ.

Ìkádìí

A ti rí i pé fáírọ́ọ̀sì kò lè wà láìsí sẹ́ẹ̀lì, pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ẹja àti kòkòrò ti gbà láti gbé inú ìgò, ṣùgbọ́n ti edé ṣì ń ṣorí kunkun. A ti rí i pé líle yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí nìkan: ó kan àgbẹ̀ tó dúró létí adágún, tí kò mọ̀ bóyá omi tó ń wò ti mọ́ tàbí kò mọ́. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àwọn onímọ̀ kò tíì sinmi. Àwa náà, ẹ jẹ́ kí a máa ṣe ìpín tiwa: kí a máa wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ ohun tí wọ́n bá rí fún àwọn ènìyàn wa, kí ìmọ̀ má baà di ohun tí à ń gbọ́ ìró rẹ̀ lásán láti ilé onílé.